Ìlà Méjì Tó Jọ Wálẹ̀

Baba Dọ́gba ni gbogbo ilé ìwádìí ń pe ọ̀gá ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí irun orí bàbá náà ṣì dúdú ló ti ń wá ìdọ́gba kiri inú átọ̀mù. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń dá átọ̀mù dúró nínú àgbá tí kò ní afẹ́fẹ́. Wọ́n á darí rẹ̀ títí yóò fi wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, láìgbè sápá kan. Ojú ẹ̀rọ méjì ló ń wò ó, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n bá sì rí á gba inú wáyà méjì di ìlà méjì lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà méjèèjì kò fi bíńtín ju ara wọn lọ rí. Inú ọmọbìnrin náà a sì máa dùn ṣìnkìn.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìwádìí tuntun fún wọn wá wo iṣẹ́, bàbá náà, tó mú ọmọbìnrin náà bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, ní kó fi ẹ̀rọ hàn wọ́n.

Àlejò kan, ìyá tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ní: "Tẹ́ ẹ bá dí ojú kan ńkọ́?"

"Ìyẹn ò le, mà. Ìlà tòsì nìkan ló máa wálẹ̀."

Ọmọbìnrin náà fi páálí dí ojú òsì. Ìlà méjèèjì jọ já wálẹ̀.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí ìdọ́gba!"

Ọmọbìnrin náà tún wo páálí náà: ojú òsì nìkan ló dí. Ta ló dí ojú ọ̀tún? Àfi tó bá jẹ́ pé ojú òsì kan ṣoṣo ni wáyà méjèèjì ti ń wá. Á jẹ́ pé òsì àti òsì ni wọ́n ti ń fi wéra látọjọ́ yìí! Ta ni kò ní bá ara rẹ̀ dọ́gba? Bàbá náà ló sì so wáyà ọ̀hún; kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e.

Tó bá dákẹ́, ilé tuntun ti dé nìyẹn. Tó bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ tẹ́ lójú gbogbo wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kì í ṣe ìdọ́gba lẹ rí yẹn. Ojú kan náà ló ń fa ìlà méjèèjì."

Ọmọbìnrin náà kò lè wo ojú bàbá náà.

Bàbá gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi dí ojú ọ̀tún, ó wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà kankan ò mira. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ mi," ló wí, "bá mi yọ wáyà yẹn. Jẹ́ kí wọ́n rí i."