Oúnjẹ Ọ̀sán Olórí Ọjà

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà náà ní Mile 12, ẹni tí wọ́n bá dìbò yàn ní olórí àwọn oníṣu, ọdún méjì péré ni sáà rẹ̀. Òfin wọn sì le koko bí ojú ẹja: títí ọdún méjì náà yóò fi pé, kò gbọdọ̀ jókòó sísọ̀ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ jẹun ẹnikẹ́ni lọ́jà, kí wọ́n má baà ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Òfin dáa o. Ta ló wá ronú kan ìyàwó olórí?

Lọ́dún 2004 tí wọ́n yan Ọláìyá, ọjà kan náà ni Hùmúàní ìyàwó rẹ̀ ti ń taṣu. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ tó joyè, Hùmúàní gbé ẹ̀bà kalẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Ọkùnrin yìí dúró lókèèrè, ó ní, "Ìyá Rasheedat, òfin ni o." Gbogbo ọjà pàtẹ́wọ́ fún un. Hùmúàní rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Rasheedat ọmọ wọn ń kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan nílé wọn ní Kétu, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílùú Jẹ́nóà, ní Ítálì, láyé àtijọ́: wọn á yan olórí fọ́dún méjì, wọn á fi í sáàfin, kò ní í jáde láìgbàṣẹ.

Hùmúàní ní, "Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?"

"Mummy, inú ààfin náà ló ń bá a gbé."

"Ẹ ò rí i! Tiwọn tiẹ̀ sàn."

Ọláìyá rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi lobìnrin náà ń sọ.

Ọdún méjì pé. Àwọn àgbà ọjà pèpàdé, wọ́n ní ó tún gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká má parọ́, oyè dùn! Orí Ọláìyá wú. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó lanu kó gbà, lojú rẹ̀ bá lọ sísọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Hùmúàní ń jẹun. Ó kẹ̀yìn sọ́jà, ó dorí kodò, bí ẹni tójú ń tì pé òun nìkan ló ń jẹun.

Ọláìyá bi Afeez, akọ̀wé ẹgbẹ́, pé, "Ṣé bó ṣe máa ń jẹun nìyẹn?"

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti joyè, Ọ̀gá."

Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ wá ẹlòmíràn," ló wí. Wọ́n ń pariwo, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó wọ ìsọ̀, ó jókòó ti Hùmúàní, ó nawọ́ sí ẹ̀bà.

Hùmúàní gbá ọwọ́ náà kúrò. Omijé ti ń bọ́ lójú òun náà.

"Ẹ fọwọ́ ná, Bàbá Rasheedat. Gbogbo ọjà lẹ ti bọ̀ lọ́wọ́."