Abẹ́rẹ́ Aago Mẹ́fà

“Ẹ̀ẹ̀mejì!” Dókítà Escurra gbá ojú kọ̀ǹpútà. “Aago mẹ́fà, ẹ gún ọmọ yìí. Aago méje, ẹ tún gún un. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni, Nọ́ọ̀sì Porfiria?”

Àìsàn ṣúgà ló gbé Yerutí, ọmọ ọdún méje, wá sí ilé ìwòsàn wọn ní Asunción. Abẹ́rẹ́ kan tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ ló tọ́ sí i láàárọ̀. Èkejì lè gbẹ̀mí ẹ̀. Wọ́n ti ń fa omi ṣúgà sí i lára báyìí kó má baà dákú.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni o, Dókítà! Mo fi ọmọ mi búra!”

“Ẹ̀rọ tó ń ka ìgò òògùn kọ mẹ́fà, kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù kọ méje. Ṣé àwọn méjèèjì ló ń purọ́ mọ́ yín?”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń mu tereré, àgbo tútù wọn, nínú ife kan náà kò wojú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ, òótọ́ ni. Porfiria ronú sẹ́yìn. Oorun kùn ún láàárọ̀ yẹn, àbí kò kùn ún? Díẹ̀díẹ̀ ó rí abẹ́rẹ́ aago mẹ́fà náà: itan òsì ọmọ náà, abẹ́rẹ́, ẹkún. Yéè! Ó rántí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Yerutí tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

“Èmi ni mo ṣe é. Ẹ foríjì mí.”

“Búrẹ́dì chipa lásán ni mo lọ rà,” ni ìyá náà wí. “Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ fún yín!”

Àfi gìrìgìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Liduvina tó ń mójú tó àwọn kọ̀ǹpútà já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló ń sọ ẹ̀ẹ̀mejì! Àbí gbogbo wọn náà ni Porfiria gún? Kọ̀ǹpútà àgbà ń fi aago kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgò yìí ò tíì gbọ́ pé ìjọba ti ní ká má dá aago padà ní wákàtí kan lóṣù kẹta mọ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Òun nìkan yọ wákàtí kan lóru àná, ló fi kọ abẹ́rẹ́ aago méje sí mẹ́fà. Ọ̀dẹ̀ ẹ̀rọ, ọdún tó kọjá ló ṣì wà!”

Ó tẹ nǹkan mélòó kan. Mẹ́fà di méje. Ìlà méjì di ẹyọ kan lójú gbogbo wọn.

“Ẹ yọ omi ṣúgà yẹn kíákíá!” Dókítà káwọ́ lérí. “Mo gbé!”

Ìyá Yerutí fa Porfiria dìde, ó dì mọ́ ọn. “Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ ò ṣe é.”

Porfiria mi orí. Kò sí abẹ́rẹ́ aago mẹ́fà, kò sì fìgbà kan sí rí. Síbẹ̀ ó ń rí itan òsì ọmọ náà kedere, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ké.