Ẹni Tó Gbé Àwo Tirẹ̀ Wá

Ìwọ tí ò ń ka èyí, gbọ́ mi kí o tó kà á lọ. Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń se ìrẹsì ọlọ́ràá. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ. Má sì jẹ́ kí àlejò wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo ti rí i. Mi ò fẹ́ kí ojú ẹlòmíì tún rí i.

Mastura ti ki orí àti apá bọ ẹnu ààrò amọ̀ nígbà tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún yẹ̀. Kò ṣubú. Shahlo, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló gbá a ní yẹ̀rì mú láti ẹ̀yìn, bí ẹni fa okùn màlúù. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ààrò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti já sínú ẹ̀yinná, ó sì ti ń rú èéfín.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é."

"Fi mí sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́sẹ̀ tó kọjá, irun iwájú yín ló jó."

"Shahlo, mo ní kí o fi mí sílẹ̀!"

Ó fi irin ẹlẹ́nu kíkọ́ wọ́ búrẹ́dì náà jáde. Ó gbọn eérú orí rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó, ó gbé e sórí ògiri fún àwọn ẹyẹ. A kì í ju búrẹ́dì nù ní ìlú wa Margilan, ì báà jóná di èédú. Lẹ́yìn náà ló tó dúró, ó ń mí gúlegúle, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. Inú ń bí i. Kò mọ ẹni tó ń bí i nínú.

Robiya, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sórí pèpéle onígi lábẹ́ àjàrà, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

"Ebi ló ń pa á," ni ó wí, bí ẹni pé Mastura kò sí níbẹ̀. "Ẹni tí ò jẹun láàárọ̀, ṣé orúnkún rẹ̀ á gbé e?"

Mastura jẹun láàárọ̀. Ó jẹ ẹyin, ó jẹ kùkúńbà, ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀. Ojú Robiya, tí òun náà ń pè ní Màmá, kò ka ìyẹn sí oúnjẹ ni. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé e mì.

Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá tó bí Mastura. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ dúdú, kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n máa sin ín, ẹsẹ̀ kan ló gbé lọ. Mastura ló wẹ ẹsẹ̀ kan tó kù. Nígbà òtútù tó kọjá, nọ́ọ̀sì àdúgbò gba ẹ̀jẹ̀ Mastura, ó wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Kò tíì wọlé, Màmá. Ẹnu ọ̀nà ló wà." Láti ọjọ́ náà, kó tó sùn, ó máa ń yẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka adìyẹ tó wọ̀ sílé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú rí. Ní ọdún tó ṣáájú, Hosiyat, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, fún un ní tíì kan tí wọ́n ń mu kí ara lè fọn. Ó mu ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó ń sáré lọ tọ̀sán-tòru. Ara rẹ̀ fà lóòótọ́, aṣọ sílíìkì tó fi ṣe ìyàwó wọ̀ ọ́ padà, gbogbo obìnrin àdúgbò ń yìn ín, àfi Màmá tó ní kò dùn ún wò. Nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já pàì láìnídìí, ẹ̀rù bà á, ó dáwọ́ dúró. Kí àjàrà tó pọ́n lọ́dún náà, gbogbo ohun tó lọ ti padà wá, wọ́n sì kó àwọn ẹbí wọn dání.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, gbogbo yín lẹ̀ ń wá ohun tó máa tètè parí. Èyí ò ní parí. Ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè máa ṣe títí ẹ ó fi darúgbó, òun ni kí ẹ ṣe. Kí ìdajì àwo yín jẹ́ ẹ̀fọ́. Kí ẹran kéré. Kí ìrẹsì tàbí búrẹ́dì gba ibi tó kù. Kí ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó máa lọ́ra. Ẹ jẹ́ kó lọ́ra."

Inú Mastura dùn sí i títí ó fi délé tó jókòó ti oúnjẹ. Ìdajì àwo. Àwo wo? Kò sẹ́ni tó ní àwo nílé yìí. Lagan kan ṣoṣo, àwo fífẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ náà, ni wọ́n ń da ìrẹsì sí, kálukú á máa fọwọ́ jẹ láti iwájú rẹ̀. Wọ́n á gé ẹran sórí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ á máa ti ẹran síwájú ẹ. Níbo lèèyàn ti ń rí ìdajì àwo tí ọwọ́ gbogbo ilé wà nínú rẹ̀?

Ó wá ń jẹun bí olè. Ó ń mú ìrẹsì fín-ín-fín-ín, ó ń fi ìka mọ ògiri kékeré síwájú ara rẹ̀, kó lè mọ ibi tí tirẹ̀ parí sí. Bó bá ṣe yíjú báyìí, ẹran á ti kọjá ògiri. Ọ̀rá ìrù àgùntàn, èyí tó rọ̀ jù. Màmá á máa wo ibòmíì. Bí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á bi í bóyá iyọ̀ ni kò tó. Ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ kó wá wẹ̀: díẹ̀ lóṣù yìí, kò sí nǹkan kan lóṣù kejì. Ó ti sunkún nítorí rẹ̀ nídìí ààrò, ó sì ní èéfín ni.

Hosiyat wọlé kí oòrùn tó ga, ó ti ìlú Kokand wá.

"Ìyàwó wa! Wá, jẹ́ kí n dì mọ́ ọ. Yéè, apá mi ò ká a!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló kó gbogbo èyí padà wá? Mo ṣe bí a ti lé wọn lọ?"

"Wọ́n mọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa, mo mú ọ̀gá wọn bọ̀." Ó yọ agolo tíì kan láti inú àpò. Àwòrán obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é níbì kankan. "Eléyìí le ju ti ìjọsí lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Wo èmi."

Ó yí po kí wọ́n lè wò ó. Mastura wò ó dáadáa. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta lókè aṣọ. Ó ti fi òwú wé ìdí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kó má baà bọ́. Bó sì ti ń yí, ọwọ́ rẹ̀ kan di òpó àjàrà mú. Kò mọ̀ pé wọ́n rí ọwọ́ náà.

"Ṣé ẹ̀ ń jẹun, ẹ̀gbọ́n?"

"Oúnjẹ kẹ̀? Mo ti gbàgbé bó ṣe rí." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ò tíì dá a dúró láti ìjọsí ni?"

"Kí n dá a dúró, kí n wá dà bí tìẹ?"

Mastura gba agolo náà, ó tì í bọ àpò épírọ́ọ̀nù. Kò dúpẹ́. Ó bọ́ sí ìdí ìkòkò.

Ní gbogbo ìgbà tó ń dín àlùbọ́sà, agolo ń lù ú nítan. Ó ń gé kárọ́ọ̀tì bíi pé kárọ́ọ̀tì ló bú u. Ó wù ú. Kí n má purọ́ fún ọ, ó wù ú gan-an. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó sì parí. Kò ní sí ògiri ìrẹsì mọ́, kò ní sí pé à ń bẹ ìwọ̀n. Ó da omi sí ìrẹsì, ó dé e, ó jókòó sórí àpótí, ó bọ́ bàtà, ó sì wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Lẹ́yìn náà ló dìde lọ sínú ilé. Láti àárín àwọn àwo àlejò, ó mú àwo kékeré kan tí wọ́n ya òdòdó òwú sí, èyí tí wọ́n ń bu èso dídùn sí.

Àwọn ọkùnrin kò sí nílé. Ọjọ́bọ̀ ni, ilé tíì ni wọ́n ti ń jẹ tiwọn. Àwọn obìnrin nìkan ló yí lagan ká lórí pèpéle: Màmá níbi orí, Hosiyat lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Shahlo nídìí ìkòkò tíì. Mastura jókòó. Ó gbé àwo kékeré náà kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Tòmátì àti àlùbọ́sà tí a gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ti gba ìdajì rẹ̀.

 Shahlo da tíì kọjá ẹnu ife.

"Kí nìyẹn?" ni Màmá bi í.

"Àwo mi ni, Màmá. Nọ́ọ̀sì ló ní—"

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí."

"Ṣé Shahlo ni? Ṣé èmi ni?"

"Màmá, kò sẹ́nì kankan."

"Ṣé àrùn tó ń ranni ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń dá jẹun bí ẹni tí wọ́n lé síta?"

Hosiyat ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyàwó yín ti di Òyìnbó."

Màmá kò gbọ́ ìyẹn. Ó kó ìrẹsì jọ pẹ̀lú ìka, ó fún un pọ̀, ó fi ọ̀rá lé e lórí, ó sì nà án sí ẹnu Mastura. Kò sí ẹni tó ń kọ èyí nílẹ̀ wa. Ọkọ ìyàwó kì í kọ̀ ọ́. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ bí àgbà bá nà án sí i.

"La ẹnu."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ mi ni?"

Òróró ń ṣàn láti ọwọ́ arúgbó náà lọ sí ọrùn ọwọ́, ó ń wọ inú apá aṣọ.

"Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn!" Ohùn Mastura ròkè débi pé ẹyẹ orí ògiri fò. "Ẹsẹ̀ méjèèjì! Mo sanra, mo jẹ̀bi. Mo fọn, ẹ ní kò dùn ún wò. Mi ò jẹun, mo jẹ̀bi. Mo jẹ ìwọ̀nba, ẹ ní mo ń bá ilé jà. Kí ni kí n ṣe tí ẹ ó fi mí sílẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n ṣe é!"

Ọwọ́ Màmá dúró sínú afẹ́fẹ́. Kò gbé e wálẹ̀. Bóyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e wálẹ̀, torí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Hosiyat ló na ọrùn. Ó la ẹnu, ó gba ìrẹsì náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó di ojú, ó ń jẹ ẹ́. Kó tó gbé e mì tán, ọwọ́ tirẹ̀ ti wà nínú lagan. Ó bù ú, ó tún bù ú, kò dúró mí, ìrẹsì lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń bu níwájú Màmá, ó ń bu níwájú Shahlo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń wò ó, ó fa ọwọ́ padà. Òrùka kò bá ọwọ́ padà. Ó wà nínú ìrẹsì, tòun ti òwú rẹ̀.

Màmá he é. Ó fi etí ìborí rẹ̀ nù ún. Ó wo òrùka, ó wo ìka ọmọ rẹ̀.

Mastura yọ agolo láti inú àpò, ó gbé e sẹ́bàá lagan.  Ó ti àwo kékeré náà síwájú Màmá.

"Ẹ bá mi bù ú," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọwọ́ yín ni kó bù ú. Ibi tí tòmátì wà yìí, kó wà bẹ́ẹ̀. Ibi tó kù, tiyín ni. Lójoojúmọ́ ni màá máa gbé e wá bá yín."

Arúgbó náà gbé àwo. 

"Bàbá Qodir náà," ni ó wí.

Qodir ni ọkọ Mastura. Bàbá rẹ̀ ti kú kí Mastura tó wọ ilé yìí ṣe ìyàwó. Inú rírun ni wọ́n sọ fún un pé ó pa á.

"Àwo ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Kékeré báyìí. Ó ní òun fẹ́ máa dá jẹun, kí n má bínú. Mo bínú. Mo gbé lagan jìnnà sí i. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni. Mo rò pé..."

 Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹran kan sí méjì, ó fi ìdajì sínú àwo. Ó bu ìrẹsì sí i, ó wò ó, ó yọ díẹ̀ kúrò. Ó tì í padà síwájú Mastura.

Mastura ń wo àwo náà. Ó ń rántí gbogbo ẹran tó ti ń kọjá ògiri ìrẹsì rẹ̀ láti ìgbà òtútù, àti ojú Màmá tó máa ń wo ibòmíì.

"Kí lẹ rò nígbà náà, Màmá?"

"Jẹun."

"Màmá, kí lẹ—"

"Mo ti sọ tán. Má bi mí mọ́."

Shahlo náà bi í, jẹ́jẹ́. Hosiyat bi í pẹ̀lú ẹnu tó kún. Robiya fi òrùka náà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa á dé, ó sì kọjú sí àjàrà.