Àwo Kẹfà Àǹjọ̀nú

Pósí dúdú kan ni wọ́n gbé ti ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbohùnsílẹ̀. Àwọn ìyá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n ń wò ó.

"Ta ló kú?" ni nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Ìyá Àǹjọ̀nú dáhùn. "Irinṣẹ́ ọmọ mi ni. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé."

Àǹjọ̀nú ni orúkọ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ lórí ìtàgé, àwọn aládùúgbò sì ti fi ta ìyá lọ́rẹ. Orin rọ́ọ̀kì adẹ́rùbani ni ọmọ náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ. Inú pósí ló ti máa ń jáde, ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá á máa kán lágbọ̀n rẹ̀, á wá ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Àwo márùn-ún ni wọ́n ti ṣe. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti gba ohùn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Rédíò kọ̀ láti lo ìkejì, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó tà. Gbajúmọ̀ kan tó ń ta fayolín bá wọn ṣe ìkẹta, ọ̀dọ́ olórin tàkasúfèé kan bá wọn ṣe ìkẹrin. Lórí ìkarùn-ún, àgbà olórin ìfẹ́ tí ìyá náà fẹ́ràn láti ìgbà èwe rẹ̀ ló bá wọn kọ ọ́.

Síbẹ̀, kò gbọ́ ọ̀kankan rí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì: ó ra gbogbo wọn, ó tò wọ́n sí pálọ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ̀rá ara wọn. Ẹ̀rù ohun tó wà níbẹ̀ ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ pè é. Ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n fẹ́ lò fún orin tó kẹ́yìn àwo kẹfà rí pósí, wọ́n pẹ̀yìn dà, wọ́n sì lọ.

"Mọ̀mí, òní ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tá a ní níbí. Ẹ gbà mí."

Ló bá kó ẹgbẹ́ akọrin àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, tí òun fúnra rẹ̀ ń darí, sínú bọ́ọ̀sì.

Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo ògiri yàrá náà. Àǹjọ̀nú kúnlẹ̀ kí wọn tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀.

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ìyá mi."

"Dìde, ọmọ mi," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìwọ tí wọ́n ní ò ń bani lẹ́rù, o mà lẹ́kọ̀ọ́!"

Lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀gá tó ń gba ohùn sílẹ̀ ṣàlàyé pé Àǹjọ̀nú á ké, àwọn ìyá á sì gbè é. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Gìtá bú bí ààrá. Àǹjọ̀nú di ojú, ó yanu, ó sì ké.

Àwọn ìyá ta gìrì. Ìyá Àǹjọ̀nú nìkan ni kò mira. Ó mọ igbe náà.

Ẹ̀gbẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀ ló ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ pósí kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ yìí, tó ṣì kéré nígbà náà, yanu, igbe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Gbé e mì. Bí o bá ń ké, kí ni ìyá rẹ á wá ṣe?" Ọmọ gbé e mì. Ìyá náà gbé tirẹ̀ mì, nítorí ó ní àwọn ọmọ tó gbọ́dọ̀ jẹun, iṣẹ́ kò sì dúró de opó.

Ìyẹn ni pé láti àwo àkọ́kọ́ ni ọmọ rẹ̀ ti ń ké igbe ọjọ́ náà.

"Ẹ gbè é!" ni ọ̀gá náà wí.

Ohùn àwọn ìyá gòkè. Ohun tó jáde lẹ́nu Ìyá Àǹjọ̀nú kì í ṣe orin tó mọ̀ ọ́n kọ. Ìsàlẹ̀ ikùn ló ti wá, ó gbóná, ó gùn, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ bò ó. Ọmọ rẹ̀ lajú. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé igbe tirẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì fi ohùn ìsàlẹ̀ gbà wọ́n dúró, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, onílù sì dìde dúró nídìí ìlù rẹ̀, ó ń lù ú tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tó parí, ọ̀gá náà bọ́ ohun tó fi ń gbọ́rọ̀ létí, ó nu ojú.

"Ṣé ká tún un kọ?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ìyá mi, kí la fẹ́ tún kọ? Ó ti délé."

Ariwo ayọ̀ sọ. Nọ́ọ̀sì wọnú pósí, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. "Ó gbà mí o!" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ọ̀gá náà wá fi orin náà sí i kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìyá Àǹjọ̀nú sún mọ́ gíláàsì, ó ń wá ohùn ara rẹ̀. Igbe méjì ń gòkè, wọ́n ń lọ́ mọ́ra, wọ́n tún ń gòkè sí i.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Àǹjọ̀nú tẹ́tí. Ó tẹ́tí sí i. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ò mọ̀, Mọ̀mí."

Ìyá náà kan gíláàsì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ohùn orin náà sókè."