Fólítì Mẹ́ta Ò Tó Ṣí I

Mọ́sífẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà kékeré tó ń tan mọ́tò inú ẹ̀rọ oníbàárà kan, gbóná títí ó fi jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù bẹ oníbàárà: "Ẹ má bínú, àbúrò mi obìnrin yìí ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò lẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Irọ́ ńlá! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ti fọwọ́ tọ́ka sí i nínú ìwé mọ́sífẹ́ẹ̀tì náà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ní fólítì mẹ́ta, géètì ẹ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni. Mẹ́wàá ló fi ń ṣí tán, èyí tí bọ́ọ̀dù wa ń fún un ò sì ju mẹ́ta lọ; bí kò bá ṣí tán, á máa gbóná ni. Ẹ jẹ́ ká ra èyí tí mẹ́ta á tó fún."

Ẹ̀gbọ́n ní ṣé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fẹ́ máa kọ́.

Bí oníbàárà ti jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Lọ ra èyí tó o wí lọ́jọ́sí wá."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò fèsì. "Oníbàárà ò tíì jìnnà."