Ìwé Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Òkè Corbett

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wá àwáwí. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, bí mo sì ṣe ṣe é gan-an ni mo máa sọ ọ́.

Nílùú wa níbí, létí adágún Pelham, àlejò kì í tán nílẹ̀. Tí wọn ò bá wá yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n á wá lúwẹ̀ẹ́. Tí wọn ò bá lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á wá wo ewé tó ń pọ́n lórí igi, bíi pé igi ò sí níbi tí wọ́n ti wá. Gbogbo wọn ló sì máa ń fẹ́ gun Òkè Corbett. Àpótí onígi kan wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ìwé àti pẹ́ńsùlù wà nínú ẹ̀. Tó o bá fẹ́ gòkè, wàá kọ orúkọ ẹ, aago tó o wọlé, àti ohun tó o wá ṣe. Tó o bá sọ̀ kalẹ̀, wàá kọ aago tó o jáde. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é.

Èmi Verna Trombley ni mò ń tọ́jú ìwé yẹn láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Èmi náà ni mo jà fún òfin ẹ̀ nípàdé ìlú: ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wákàtí márùn-ún bá kọjá tí kò tíì kọ aago tó jáde, kí wọ́n fọn fèrè àwọn panápaná, kí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ dìde lọ wá a. Dale Duquette, alága ìgbìmọ̀ wa, ní òfin náà ti le jù. Mo dìde, mo ní, "Dale, ọjọ́ tí bàbá ẹ bá sọnù lórí òkè, wàá mọ̀ bóyá ó le jù." Wọ́n gbà á.

Ohun tó bí mi nínú lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí kò ju ìwo màlúù lọ. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ la máa ń ṣe ìdíje ọkọ̀ wíwà lórí adágún, tí ọkọ̀ kìíní bá sì ti dé, wọ́n á fọn ìwo fún un. Ọdún méjìlélógún ni mo fi fọn ìwo yẹn, mi ò sì fọn ọ́n fún àwọn tèmi rí. Everett ọkọ mi àti Hollis àbúrò ẹ̀ ló máa ń ṣe ipò kejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni, nínú ọkọ̀ tí Everett fọwọ́ ara ẹ̀ kàn. Nígbà tí Everett kú, Hollis ń dá ọkọ̀ náà wà, ó ṣì ń ṣe ipò kejì. Lọ́dún yìí, dókítà ti sọ fún un pé èjìká ẹ̀ ò gbà á mọ́, pé eré ìkẹyìn nìyí. Ó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan péré, kí n sì fọn ìwo fún un.

Ni Dale bá gbé ìwo fún Maren. Maren! Ọmọbìnrin tó ń ta kọfí létí omi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú ńlá lọ́dún méjì sẹ́yìn. "Màmá, ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ náà gbìyànjú ẹ̀," Dale ló sọ bẹ́ẹ̀.

Hollis wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. "Ìyàwó wa," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, "bó o fọn ìwo, bó ò fọn ìwo, ṣáà wá dúró létí omi kí n máa rí ẹ."

"Mi ò wá."

"Torí ìwo màlúù?"

"Torí ìyà tí wọ́n fi jẹ mí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Orí kunkun ẹ yìí ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tètè hewú." Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó mu kọfí ẹ̀ tán, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki búrẹ́dì àti wàràkàṣì bọ àpò, mo kọrí sí òkè kí n má baà gbọ́ ariwo wọn. Ilé mi ò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Verna Trombley, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó o wá ṣe, mo kọ ọ́ pé: Kí n sinmi lọ́wọ́ èèyàn.

Mo gun òkè, mo jẹun, mo bú Dale dáadáa níbi tẹ́nì kankan ò ti gbọ́, mo sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe dé ìdí àpótí, mo bá tọkọtaya kan tí wọ́n fẹ́ gòkè láì kọ orúkọ. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Sálúbàtà!

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn," mo ní. "Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Màmá àgbà, a ò ní pẹ́," ọkọ ló dáhùn.

"Ẹni tí wọ́n gbé òkú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níjọ́sí náà ò fẹ́ pẹ́. Mú pẹ́ńsùlù yẹn!"

Mo bú wọn débi tí ìyàwó fi ń bẹ̀ mí. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kọ ọ́. Ọwọ́ ọkọ ò ṣe é kà, mo ní, "Tún un kọ." Ó tún un kọ. Inú mi wá dùn gan-an. Mo gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ẹ̀, mo dá a padà sínú àpótí, mo pa á dé, mo gba ilé mi lọ. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni. Èmi alára ò kọ aago tí mo jáde. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Nílé, mo ju fóònù sábẹ́ aṣọ tábìlì nínú dúrọ́ọ̀, kẹ́nikẹ́ni má pè mí. Mo gbé èso kaná, mo fẹ́ ṣe jáàmù. Aago kan ni eré ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kọjá aago kan ààbọ̀, mo gbọ́ fèrè panápaná. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nǹkan ti gbiná níbì kan, kí eré wọn bàjẹ́. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Kò pẹ́, wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, mo rí Dale, òógùn bò ó. Mo ní hẹn-ẹn! Ó ti wá bẹ̀ mí. Maren ò mọ ìwo fọn! Mo rọra pa iná, mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Màmá! Màmá Verna! Ṣé ẹ wà nílé?"

Ó kàn án, ó tún kàn án. Ó yí lọ síbi fèrèsé ẹ̀yìn, mo bá kúnlẹ̀ kó má baà rí mi. Èmi, obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí mò ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Ẹ̀rín ni mò ń rín o. Nígbà tó lọ tán, mo tanná padà, mo ń ro jáàmù mi. Nígbà tó yá mo ń gbọ́ ìwo lọ́nà jíjìn, ó ń dún, ó ń dún, kò dáwọ́ dúró. Mo pòṣé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la máa ń fọn ọ́n. Mo ní ọmọ yìí ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, mo jáde lọ ká aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ mi. Orí òkè ló ti ń bọ̀. Ọkùnrin kan pè é, obìnrin kan gbà á, ẹlòmíì tún gbà á lápá ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀. "Verna! Verna o!" Mo rántí àpótí yẹn, mo rántí ọwọ́ mi tó pa á dé. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo sáré débi tí eegun mi gbé e dé.

Mọ́tò ti kún ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tí Dale rí mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Màmá, níbo lẹ wà?"

"Ilé ni."

"Ilé wo? Mo kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro mí!"

"Mo sùn lọ ni. Mi ò gbọ́."

Irọ́ yẹn jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́. Dale ò bi mí ní nǹkan míì. Olùṣọ́ igbó fi rédíò ọwọ́ ẹ̀ sọ fún àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n máa bọ̀. Nǹkan tí mo lè ṣe ò sí, mo bá gbé ìwé náà dání kí wọ́n lè fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń jáde. Mo ṣí i. Orúkọ mi rèé, níbi tó yẹ kí aago wà, òfìfo. Tọkọtaya onísálúbàtà ló tẹ̀ lé mi, wọ́n ti kọ aago tí wọ́n jáde, ọwọ́ wọn ṣe é kà rekete. Lábẹ́ tiwọn, èèyàn mọ́kànlélógójì. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, wọ́n kọ Verna. Verna. Verna. Ó kún ojú ìwé kan, ó kọjá sí ìkejì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́gbò, ẹlẹ́rẹ̀. "Màmá, a dúpẹ́ o." "Ẹ kú ewu." Kò sẹ́ni tó bú mi. Ká ní wọ́n bú mi, ǹ bá rí nǹkan fi dá wọn lóhùn, ara mi ì bá fúyẹ́. Ìwo yẹn wà lọ́rùn Maren, ètè ẹ̀ ti wú.

"Mo ń fọn ọ́n káàkiri, mà," ó ní. "Mo ní ẹ̀yin lẹ ni ín, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ máa dáhùn."

Mo ń wo ìwo náà.

"Bàbá Hollis ló wà níwájú, mà," ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. "Ó ku díẹ̀ báyìí kí wọ́n dé. Mo ti gbé ìwo sẹ́nu. Ni fèrè bá dún, wọ́n pariwo orúkọ yín létí omi. Bàbá bá yí ọkọ̀ padà sápá ibi òkè. Àlejò kan ló gba ipò kìíní."

Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ìwé dání.

Hollis ló dé kẹ́yìn. Nọ́ńbà eré ṣì wà láyà ẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀, ohùn ẹ̀ ti há.

"Ìyàwó wa. Ṣé ara ẹ le?"

"Ara mi le."

"Dale yìí ní bóyá o wà nílé. Mo ní rárá o. Mo ní inú lè máa bí Verna, àmọ́ tẹ́nì kan bá kanlẹ̀kùn, á ṣí i. Mo mọ Verna."

"Wọ́n sùn ni, Bàbá," Dale ló bá mi dáhùn.

Mo lè dákẹ́. Wọ́n ti bá mi parí ẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ tí Hollis ń wọ́.

"Mi ò sùn, Hollis. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo rò pé wọ́n wá bẹ̀ mí torí ìwo ni." Mo wá fi èyí tó burú jù kún un. "Ẹ̀rín ni mò ń rín."

Dale gbójú kúrò lára mi. Hollis wo orí omi, níbi tí wọ́n ti ń fa ọkọ̀ Everett bọ̀ láàárín koríko. Ó tú nọ́ńbà kúrò láyà, ó ká a, ó kì í bọ àpò. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ó kọ aago tiẹ̀, ó sì na pẹ́ńsùlù náà sí mi padà.

"Ó ku ìwọ nìkan," ó ní.

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mi ò tíì jáde. Mo kọ ọ́ síwájú orúkọ mi: aago mọ́kànlá ààbọ̀. Hollis tẹ̀ síwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kò ṣe é kà," ó ní. "Tún un kọ."

Mo tún un kọ.