Ìbọ̀sẹ̀ Tí Ikonija Hun

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Stamena ló kọ́kọ́ kú. Àwọn obìnrin ń gbé orúnkún sókè nínú gbọ̀ngàn abúlé, Zorka, olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, ń fọn fèrè bí ẹni pé ọmọ ogun ló kó jọ, ni Stamena bá gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tún un gbé. Àfi bí ẹni ń gbé ìtì igi sílẹ̀. Ó fẹ́ yọjú wò ó bóyá ẹsẹ̀ náà kò tíì sá lọ, ṣùgbọ́n ọmú àti ikùn ti dí ojú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí òun àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ríra kẹ́yìn lórí ìdúró.

"Stamena, kí lò ń wá nílẹ̀?" Zorka ké sí i. "Orúnkún ni mo ní kí o gbé, n kò ní kí o gbé ìdí."

"Ìdí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà lọ́nà kí orúnkún tó lè kọjá," ni Stamena dá a lóhùn.

Gbogbo àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Kí Zorka tó fọn fèrè mìíràn, ẹsẹ̀ òsì náà ti kú tẹ̀lé ti ọ̀tún. Ó di ògiri mú, ó ṣe bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ó sì lọ jókòó.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ìtọ̀ ṣúgà gbà mú Ikonija, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lábúlé yẹn. Ẹsẹ̀ ni. Ikonija ní ẹsẹ̀ ọ̀tún òun ń sùn. Bí wọ́n bá ní kó lọ rí dókítà, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, á jí." Odindi ìgbà òtútù ló fi ń sọ ọ́. Kò jí. Abẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Láti ìgbà náà ni Ikonija ti ń jókòó sójú fèrèsé, tó ń fi irun àgùntàn hun ìbọ̀sẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti ṣeréṣeré. Ó nípọn bí èèpo búrẹ́dì, òdòdó pupa sì wà lórí rẹ̀ láti ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀. Méjìméjì ló ń hun ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ti ń hun ẹyọ kan. "Ẹsẹ̀ tèmi kan ò lè wọ̀ ọ́ tán," ló máa ń wí fún Stamena. "Bá mi wọ̀ ọ́." Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí yóò kọ̀? Stamena ń wọ̀ ọ́. Bó bá ń lọ síbi eré ìdárayá, á wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á fi ọ̀kan nínú ti Ikonija lé e nítorí òtútù ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, á sì tún fi òmíràn lé e nítorí Ikonija. Òtútù kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Láti kékeré ni ìyá wọn ti kọ́ wọn pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé, inú ilé ọmọ ló sì ń lọ jókòó sí. Ilé ọmọ Stamena ti di ahoro tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bò ó.

Ẹ̀yìn èyí ni bàtà kánfáàsì tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Austria. Okùn rẹ̀ gùn, nítorí náà Stamena a máa so ó bí ìyá wọn ṣe ń so opanak, bàtà awọ tí wọ́n fi ń jó kolo láyé ijọ́un: á fà á títí eyín á fi pàdé eyín, á wé e mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ léraléra, á sì ta á ní kókó. Ìyá wọn ní obìnrin tí bàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ijó, ọkọ rẹ̀ náà á bọ́. Ọkọ Stamena kò bọ́ títí ó fi kú.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá dé ilé, tó wọ sálúbàtà, ẹsẹ̀ á tún gbọ́ràn bí ọmọ tó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀, ṣebí ti Ikonija náà kọ́kọ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka rẹ̀ kan ẹsẹ̀ tábìlì kó lè mọ̀ bóyá ó máa dùn ún. Ó ń dùn ún, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á tún kàn án. Kò padà síbi eré ìdárayá mọ́.

Tàtàṣé ló fi bojú. Ó ti di ìgbà tí gbogbo àgbàlá ń yan tàtàṣé tí wọ́n máa lọ̀ pamọ́ de òtútù, èéfín rẹ̀ sì ti gba abúlé kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ eré ìdárayá, Stamena wà lágbàlá Ikonija, ó ń yí tàtàṣé lórí iná, Ikonija ń bó o. Ọdún kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Wọ́n gbọ́ fèrè Zorka láti ọ̀ọ́kán.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí," ni Ikonija wí.

"Mo mọ̀."

"Kí wá ni ìdí rẹ ń ṣe lórí àpótí mi?"

"Tàtàṣé ò lè yan ara rẹ̀."

"Lọ́dún tó kọjá, o fi tàtàṣé sílẹ̀ kó jóná, o lọ bá Zorka fò bí ewúrẹ́." Ikonija gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Stamena, wò mí lójú. Ta lò ń purọ́ fún?"

Stamena wo iná. Èéfín ló fi ṣe àwáwí omijé tó wá sí i lójú. "Ẹsẹ̀ mi ń sùn, Iko. Àwọn méjèèjì. Tí mo bá ti ń ṣeré báyìí, n kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Tàtàṣé kan ń ṣe ṣìì lórí iná, kò sẹ́ni tó yí i. Ikonija fi ọwọ́ tó pupa fún oje tàtàṣé di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"O fẹ́ sọ fún mi pé á jí, àbí?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi sọ ọ́. Wo ibi tó gbé mi jókòó sí. Lọ́la, o máa lọ rí dókítà. Wọ bàtà tí o fi ń ṣeré yẹn, kí o fẹsẹ̀ gun òkè lọ, kó lè bá àìsàn náà nílé."

"Bó bá ní àfi kí wọ́n gé e ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ òsì ló ṣẹ́kù fún mi," ni Ikonija wí. "Bẹ̀ ẹ́ kó gé òsì tìrẹ. Bàtà kan náà la ó jọ máa rà."

Stamena rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu iná. Ẹ̀yìn náà ló wá sunkún gidi.

Nígbà tó fi gun òkè dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú pátápátá. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ sì tún dùn díẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń dójú ti àgbà tó kí àìsàn sá lọ lójú dókítà.

Milijana ni dókítà náà ń jẹ́, ọmọbìnrin tó fi ẹ̀rín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fetí sí gbogbo rẹ̀, ti Ikonija náà kò gbẹ́yìn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà."

Stamena bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Kókó ọ̀hún ti le bí eyín. Dókítà jáde lọ gún bàbá kan lábẹ́rẹ́, ó padà wọlé, Stamena ṣì ń tú okùn. Dókítà po kọfí. Okùn tú, bàtà bọ́, ìbọ̀sẹ̀ òdòdó kan jábọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e, ti òwú náà tẹ̀lé e.

"Màmá, ṣé ẹsẹ̀ wà nínú ẹ̀ ṣá? Àbí kábéèjì lẹ gbé wá?"

Ṣùgbọ́n èèrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ Stamena. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ta á, wọ́n ń gun ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí dókítà fi okùn tín-ín-rín kan kàn án níbẹ̀, ó rín kèèkèè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ta dókítà nípàá lágbọ̀n. Dókítà fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lókè ẹsẹ̀, ó rí i. Ó gún un níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ìtọ̀ ṣúgà.

"Ó ti sá lọ," ni Stamena wí, ojú ń tì í. "Ọmọ mi, mo búra fún ẹ, ó wà níbí lẹ́ẹ̀kan."

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Stamena tẹ̀ ba bí ikùn ti gbà á láyè. Òdòdó Ikonija wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ewé rẹ̀ pé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí awọ bí òǹtẹ̀. Lọ́rùn ẹsẹ̀, ojú okùn jinlẹ̀ bí òrùka.

"Ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀ bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́," ni dókítà wí. Stamena wọ̀ ọ́, ó fà á, ó wé e, ó ta á ní kókó. "Ẹ wá fi ìka yín sábẹ́ okùn yẹn."

Ìka kò ráyè wọlé.

"Bí èèyàn bá ń ṣeré, ẹsẹ̀ á móoru, á wú. Ẹ̀yin ti fún un lọ́rùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra bàtà tó fẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, kí ẹ so okùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, màmá: bó bá tún kú nígbà tí ẹ wọ sálúbàtà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá. Nítorí ti ẹ̀gbọ́n yín, ọdọọdún la ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Stamena fi ẹnu ko dókítà lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣèlérí ìgò tàtàṣé fún un, ó sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú okùn bàtà tó ń jà wálawàla. Ó ń mọ òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń mọ koríko, ó ń mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó rí ojú fèrèsé Ikonija ló tó bi ara rẹ̀ léèrè: báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ẹlẹ́sẹ̀ kan pé ẹ̀bùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa ẹsẹ̀ òun?

Ikonija ti bu rakija, ọtí líle èso, sínú ago kékeré méjì. Kò tíì fọwọ́ kàn án. "Sọ ọ́ kíákíá," ló wí.

Stamena sọ ọ́. Ó fẹ́ fo ibi òdòdó, kò lè fò ó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ojú Ikonija kò kọ́kọ́ yí padà. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi aṣọ orí nù ún, ó tún ń rín in.

"Òdòdó mi," ló ń wí. "Ewé rẹ̀ pé?"

"Ó pé. Dókítà yìn ọ́."

"N kò ní ṣíwọ́ híhun o. Lọ ra bàtà ọkùnrin." Ó mu rakija tirẹ̀, ó sì mu ti Stamena mọ́ ọn. "Gbé ẹsẹ̀ wá."

Stamena bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tó wúwo, tó ń rùn fún òógùn òkè, lé itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ikonija tẹ ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, ó fi orí rẹ̀ fa àtẹ́lẹsẹ̀ náà láti gìgísẹ̀ lọ sókè, Stamena sì ké, ó fò, ó da àga nù.

Ikonija di ẹsẹ̀ náà mú, kò jẹ́ kó lọ.

"Ó jí," ló wí. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Èyí jí."